Fídíò, Àdéhùn àti Eré tí kò Pamọ́

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ fídíò inú ilé láti máa ṣe, ọ̀kan wà tí àwọn tó ṣe é fi ń yangàn ju ìyókù lọ, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni a kò fi bẹ́ẹ̀ lò nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ náà ni pé kí onílé bá ẹ̀rọ ṣe àdéhùn: kí ó sọ ọjọ́, kí ó sọ aago tí ètò yóò bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí yóò parí, kí ó sọ ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí ètò náà yóò ti wá, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí àkókò bá tó, ẹ̀rọ yóò ta jí fúnra rẹ̀, yóò gba ètò náà sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, yóò sì tún padà sùn. Ìgbàsílẹ̀ aládéhùn ni n ó máa pè é nínú àròkọ yìí, nítorí n kò gbọ́ orúkọ kan tí àwọn ènìyàn wa ń pè é, àìlórúkọ náà sì wà lára ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn dé ọ̀dọ̀ wa, a fún iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe kíákíá: a ní a gba ohùn ẹnì kan sílẹ̀, a ní a ká a sílẹ̀. Fídíò kò rí bẹ́ẹ̀. Wíwò ni a ń wò ó: a ń wo fídíò, a lọ yá fídíò, a ra fídíò. Láìpẹ́, orúkọ ẹ̀rọ di orúkọ eré tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé àwọn oníkámẹ́rà a máa ká fídíò níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ká a, kì í ṣe ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá àlejò. Ti inú yàrá àlejò yìí, ojú nìkan ni a fi ń bá a lò.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí níbi tí wọ́n ti bí i. Ilé-iṣẹ́ Sony gbé Betamax jáde ní ilẹ̀ Japan ní 1975. JVC gbé VHS tirẹ̀ jáde ní 1976, òun ni ó sì borí níkẹyìn. Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Sony sílẹ̀, kò fi ohun tí ó ń tà bò: ó ń tà á pé kí olùwòran bọ́ lọ́wọ́ aago ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán, kí ó máa sún àkókò ètò bí ó ti wù ú. Àwọn onífíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Universal àti Disney, pe Sony lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì dá a ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984, adájọ́ 5 gbè sẹ́yìn Sony, 4 kọ̀. Ohun tí àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù rí gẹ́gẹ́ bí olórí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni pé ẹni tí kò lè jókòó wo ètò lásìkò ń gbà á sílẹ̀ láti wò ó nígbà mìíràn. Fred Rogers, tó ń ṣe ètò àwọn ọmọdé, ti jẹ́rìí pé òun kò rí ohun tó burú nínú pé kí òbí gba ètò òun sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí a bá yọ ìgbàsílẹ̀ aládéhùn kúrò nínú ẹjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ tí ìdájọ́ náà fi dúró yóò yẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, òun ni ó dá ẹ̀mí fídíò sí.

Iṣẹ́ tí ó ṣáájú àdéhùn ni ó le jù, òun ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ẹ̀rọ fídíò ní etí tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sí etí tẹlifíṣọ̀n. Wáyà áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú fídíò, kí wáyà mìíràn tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Pé tẹlifíṣọ̀n ẹni ń gbé àwòrán NTA 10 jáde kedere ní Èkó kò sọ pé fídíò mọ ẹni tí ń jẹ́ NTA 10. A ní láti fi mọ̀ ọ́n. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìdérí kékeré kan wà tí a ó ṣí, a ó sì rí àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó tò tẹ̀ léra wọn, 8 tàbí 12 tàbí 16. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan dà bí ojúlé kan. Ohun tíntìntín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a lè tì sí ọ̀nà mẹ́ta: VHF ti ìsàlẹ̀, VHF ti òkè, àti UHF. A ó tì í sí àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ tí a ń wá ń gbé, a ó yí tẹlifíṣọ̀n sí ìkànnì tí fídíò ń gbà bá a sọ̀rọ̀, tí ó sábà máa ń wà ní agbègbè 36 lórí UHF, a ó wá máa yí kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n yóò funfun bí ìyẹ̀fun tí a ń kù. Àwòrán yóò yọ, yóò kọjá, a ó tún dá kẹ̀kẹ́ padà, títí yóò fi dúró. Ọwọ́ ẹni tí ń ṣe é gbọ́dọ̀ fúyẹ́ bí ọwọ́ onílù tí ń fa ọṣán dùndún, tí ó mọ̀ pé bí òun bá fi díẹ̀ fà á jù, ohùn ti yapa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé nọ́ńbà ojúlé kì í ṣe nọ́ńbà onílé. Bí a bá fi NTA 10 sí ojúlé 1, tí a fi NTA 2 tó wà ní ìkànnì 5 sí ojúlé 2, tí a sì fi LTV 8 sí ojúlé 3, lọ́jọ́ tí a bá ń ṣe àdéhùn, 3 ni a ó pè, kì í ṣe 8. Ẹni tí ó bá pe 8 ti kan ilẹ̀kùn ilé òfìfo. Ẹ̀rọ kò ní bá a jiyàn. Yóò ta jí lásìkò, yóò sì fi odidi wákàtí kan gba ìyẹ̀fun sílẹ̀ tọkàntọkàn.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tó ṣe aago, tí a ó tó sọ ọjọ́, ìbẹ̀rẹ̀, ìparí àti ojúlé, tí a ó tó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. (Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ E-180 sí lára ń gba 180 ìṣẹ́jú, ẹni tó bá fẹ́ gba eré bọ́ọ̀lù tó ní àfikún àkókò, kí ó ṣírò rẹ̀ dáadáa.) Bọ́tìnnì kan ṣì kù. A gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀rọ lè wọ ipò ìdúródè, bí ó bá sì ti wọ̀ ọ́, lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, yóò dà bí ẹni pé a ti pa á. Èyí ni ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ọkàn onílé kò balẹ̀ sí olùṣọ́ tó ń sùn. Yóò tún tan ẹ̀rọ náà kí ó lè rí i pé ó wà lójúfò, nípa bẹ́ẹ̀ yóò sì ba àdéhùn jẹ́.

Mo ti ka díẹ̀ nínú àwọn ìwé ìlànà tí ń bá ẹ̀rọ wọ̀nyí wá, mo sì gbà pé wọ́n yẹ ní kíkà bí a ti ń ka ìwé èyíkéyìí tí ó ní ohùn tirẹ̀. Ohùn wọn jẹ́ ti aláṣẹ: tẹ èyí, yí tọ̀hún, dúró. Kò sí 'bí Ọlọ́run bá fẹ́' níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àdéhùn ọ̀la láìsọ ọ́. Ayé tí ìwé náà ń sọ fún jẹ́ ayé tí ọ̀la ti dájú. Ní ẹ̀yìn ìwé, láàrin àtẹ ìṣòro, ni wọ́n ti ń mẹ́nu kan iná tó lọ, ní gbólóhùn kan péré, bí ẹni ń kìlọ̀ fún ará aṣálẹ̀ pé kí ó ṣọ́ra fún àgbàrá.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ yìí nira. Ní 1990, ilé-iṣẹ́ Gemstar ní Amẹ́ríkà mú ọgbọ́n kan wá tí wọ́n pè ní VCR Plus+, tí Britain mọ̀ sí VideoPlus+. Ìwé ìròyìn yóò tẹ nọ́ńbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni a ó tẹ̀, ọjọ́ àti aago àti ilé-iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ṣì ní láti kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀rọ pé ojúlé wo ni ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé, ìṣòro àkọ́kọ́ náà sì tún dé. Ohun tí àwọn ará Jámánì ṣe ní 1985 ni ó wú mi lórí jù. VPS ni wọ́n pè é. Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán yóò máa fi àmì kan tí ojú kò rí ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán, láti sọ fún fídíò pé ètò báyìí ti bẹ̀rẹ̀, ó ti parí. Bí ètò bá pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ yóò dúró dè é ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wo irú ìwà tó wà nínú èyí: ilé-iṣẹ́ gbà pé òun jẹ olùwòran ní gbèsè àkókò, àní olùwòran tí kò sí nílé pàápàá.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Àdéhùn náà ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta, iná, aago àti ilé-iṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan tí ó ṣeé gbára lé. Ní ti iná, NEPA ni ó ń pín in láti 1972 títí di 2005, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà kò ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì nínú, aago rẹ̀ yóò padà sí òdo, yóò sì máa ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ tí kò mọ aago kò lè mọ̀ pé àkókò tó. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní ti fa èkejì lulẹ̀. Ṣíṣẹ́jú aago yìí di ara ohun ọ̀ṣọ́ yàrá àlejò títí a kò fi rí i mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kò wo àrùn náà sàn, nítorí kò sí ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ nínú ilé tí kò sí ènìyàn nítorí eré ìdajì wákàtí. Ní ti ilé-iṣẹ́, ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti NTA ni ó súnmọ́ ohun tí a lè fi ṣe aago. Eré tí wọ́n kéde fún aago méje àbọ̀ lè dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ, nítorí pé gómìnà kan ń ṣí afárá kan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì tán.

Ìdí kẹrin tún wà, èyí tí àwọn tó ń kọ̀wé lórí fídíò kì í sábà mẹ́nu kàn. Ẹ̀rọ tí àwọn ará wa ń kó ti Britain bọ̀ a máa fi eré inú kásẹ́ẹ̀tì hàn dáadáa, nítorí PAL ni Britain, PAL náà ni Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n lórí UHF nìkan ni Britain ti ń ṣe tẹlifíṣọ̀n láti 1985, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ kò sì ní etí fún VHF rárá, bẹ́ẹ̀ VHF ni àwọn ilé-iṣẹ́ wa àtijọ́ ń gbé. Àní lórí UHF pàápàá, àlàfo àárín àwòrán àti ohùn jẹ́ 6 MHz lọ́dọ̀ wọn, ó jẹ́ 5.5 MHz lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà àwòrán yóò wọlé, ohùn yóò dúró síta. Eré Yorùbá láìsí ohùn! Fídíò tòkunbọ̀ báyìí dé ilé wa pẹ̀lú ojú tó ríran kedere, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ohun tí ìlú ń sọ. Ojú náà ni a sì fi bá a lò.

Ẹ má ṣe rò pé a kò mọ bí a ti ń gba nǹkan sílẹ̀. A mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Moses Ọláìyá gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, tí Ọlá Balógun darí, àwọn olè ọjà dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tà á káàkiri. Àdánù náà wọ̀ ọ́ lára. Àdàkọ kò bẹ aago, kò bẹ ìkànnì, kò sì fẹ́ ìwé ètò. Ẹ̀rọ méjì, wáyà kan àti iná ìrọ̀lẹ́ kan ti tó. Nígbà tí àwọn òṣèré alárìnjò fúnra wọn yí sí fídíò ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọjà tí wọ́n bọ́ sí ti mọ àdàkọ dájú, kò sì mọ ìpamọ́. Ẹni tó ń ra fídíò kò rà á nítorí kí eré má baà parẹ́. Ó ń rà á nítorí pé iná wà lónìí.

Ohun tí ó bọ́ sọnù láàrin ọ̀nà méjèèjì yìí ni eré orí tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn òṣèré wa ti ń lò ó. Aláwàdà Moses Ọláìyá gba ibẹ̀ wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní àwọn ọdún 1960. Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí tẹ̀ lé e lórí NTA Ìbàdàn, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń pe baálé tí ó fẹ́ràn ìdájọ́ ní Aṣípa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí eré wọ̀nyí lónìí, ìrántí àwọn tó wò wọ́n ni yóò fi ṣe ọ̀nà ju àwòrán lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ wọ́n lówó, títún un lò sì jẹ́ àṣà níbi púpọ̀ láyé. BBC náà pa ọ̀pọ̀ eré rẹ̀ ti àwọn ọdún 1960 rẹ́.

Mo ti gbọ́ àwíjàre kan, láti ẹnu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún, pé èyí kò burú tó bẹ́ẹ̀: alohùn ni wá, wọ́n ní, eré wa kì í ṣe ohun à-dì-sínú-àpótí, bí ó ti ń kú ni ó ń jí. N kò fara mọ́ ọn. Ẹsẹ Ifá kò wà láàyè nítorí pé a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà láàyè nítorí pé ọmọ awo jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ìjálá ní ọdẹ kékeré tí ń gbè é lẹ́yìn. Ìpamọ́ ni gbogbo èyí, ó sì le ju ti kásẹ́ẹ̀tì lọ. Eré tẹlifíṣọ̀n kò ní ọmọ awo. Àwọn òṣèré náà kì í sábà lo ìwé. Wọ́n ń fi ẹnu hun ún níbẹ̀ ni, ohun tí wọ́n hun lọ́sẹ̀ yìí kò ní padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó lè jẹ́ ìwé fún irú eré bẹ́ẹ̀. Tí a bá pa á rẹ́, a kò dá a padà sínú alohùn. A pa á ni. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rí kékeré lè ṣe: ní 1994, Karin Barber àti Báyọ̀ Ògúndíjọ tẹ ìwé kan jáde tí ó ní eré mẹ́ta ti ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé ẹnì kan gba ohùn sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí òṣèré kan ti yí òwe kan po. Eré orí ìtàgé ni wọ́n. Ti orí tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn ènìyàn tó wò ó pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì, kò rí irú alábàárò bẹ́ẹ̀.

Ní 2013, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí apá 9 nínú Doctor Who, eré BBC tí wọ́n rò pé ó ti sọnù pátápátá. Ibi tí wọ́n ti rí i ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Jos. Àwọn kan nílẹ̀ wa fi í ṣe ayọ̀ pé Nàìjíríà bá òyìnbó tọ́jú ohun rẹ̀. Lójú tèmi, ìgbàgbé ni ó tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe ìtọ́jú. Fíìmù ni, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni kò lè gba ohun mìíràn lé e lórí. Ó sì dúró sí ibi tí wọ́n gbé e sí. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó wúlò fún àtúnlò ni, à bá ti lò ó.

Ìgbàsílẹ̀ aládéhùn pàápàá ní àbùkù tí ó ju ti iná lọ, n kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀sùn tí mo fi kan NEPA bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí a ti kéde nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tí ń ṣe àdéhùn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó níye lórí kí ó tó dé. Marion Stokes, obìnrin adúláwọ̀ kan ní Philadelphia, kò gba bẹ́ẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí ó fi kú ní oṣù kejìlá 2012, ó ń gba tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ tọ̀sán tòru nínú ilé rẹ̀, lórí ẹ̀rọ tó ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kásẹ́ẹ̀tì tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 70,000. Kò bá ètò kankan ṣe àdéhùn. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ lè rò pé orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ni ohun tí kò sí nínú ìwé ètò: ìkéde òjijì, ìpolówó ọṣẹ, ojú akéde tó ń ka ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbàgbọ́. Bí ẹnì kan bá ti ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èyí ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, bí a ti ń kọ ìtàn eré Yorùbá kì bá yàtọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Àwọn ẹ̀rọ tó kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lọ́wọ́ àwọn alátùnúnṣe díẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ jù ẹ̀rọ lọ, ọ̀rinrin sì ń hu funfun sí wọn lára. Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ibi tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ wò. Ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì VHS, eyín ike kékeré kan wà; bí a bá ṣẹ́ ẹ, ẹ̀rọ kò ní gba ohunkóhun lé ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Fíìmù tí a rà lọ́jà sábà máa ń wá láìní eyín yìí. Àwọn ènìyàn a máa fi sẹ́lótéèpù dí ojú ihò náà láti tún kásẹ́ẹ̀tì lò. Ẹni tó bá rí kásẹ́ẹ̀tì tí a dí báyìí, kí ó mọ̀ pé ẹnì kan nínú ilé yẹn ti fẹ́ gba nǹkan sílẹ̀ rí. Kí ó sì má ṣe pa ẹ̀rọ nígbà tí ohun tó wà níwájú bá parí. Ohun tí a gbà gbẹ̀yìn kì í pa ju ìwọ̀n gígùn tirẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán yóò gbọ̀n, yóò funfun díẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò sì máa bá a lọ láti ibi tí ó kù, nígbà mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà mìíràn fún wákàtí kan.